Ìdákẹ́jẹ́ Tí Mo Gé Dànù

Ẹni tó bá ti rí mi nídìí kámẹ́rà rí á sọ fún yín pé irú mi ò tíì sí, irú mi ò sì ní í sí mọ́. Mi ò yangàn o. Òótọ́ lásán ni mò ń sọ. Mo ti ya ìyàwó kan lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀ débi pé nígbà tó wo fídíò náà, kò dá ara ẹ̀ mọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe arẹwà yẹn wá káwọn jọ máa ṣọ̀rẹ́. Mo ti ya ajá kan rí, ajá náà ṣì ń bá àwòrán ara ẹ̀ jà dòní. Alásọdùn ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò, ṣùgbọ́n ìlara ló ń dà wọ́n láàmú.

Torí náà, nígbà tí dókítà sọ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pé kókó kan ti hù sí wọn lọ́nà ọ̀fun, pé àwọn máa yọ ọ́, àti pé lẹ́yìn ìyẹn wọn ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko, èmi nìkan lọ́rọ̀ náà ò dẹ́rù bà nínú ilé wa.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà!" Màámi káwọ́ lérí. "Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu jẹun?"

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi. Kíláàsì kẹfà ni wọ́n ń kọ́, ọmọ mẹ́rìndínlógójì, gbogbo iṣẹ́ pátá: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìtàn, èdè, títí kan ìdí tí ojúmọ́ kì í fi í mọ́ níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Láti kíláàsì kẹrin ni wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ yẹn bọ̀. Kò wá sí tíṣà kankan tọ́wọ́ ẹ̀ dilẹ̀ tó lè gbà wọ́n fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ọ̀gá ilé-ìwé ní àwọn máa pín àwọn ọmọ náà sí kíláàsì kẹfà méjì tó kù ni, níbi tí wọ́n ti ń fún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì bí igi ìṣáná nínú páálí.

Ohun tó ká ẹ̀gbọ́n mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Jẹ́jẹ́. Ọmọ náà mọ̀wé, ọ̀rọ̀ ni kì í tètè jáde lẹ́nu ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bi í ní ìbéèrè, ẹ lè lọ wẹ̀, kẹ́ ẹ fọṣọ, kẹ́ ẹ sá a, kẹ́ ẹ sì padà wá bá ìdáhùn lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tó wà ní kíláàsì kẹta, tíṣà tó ń kọ́ ọ kì í dúró dè é. Bó bá ti ń la ẹnu, tíṣà á ní "Ẹlòmíì!" Nígbà tó yá, ọmọ náà kúkú gbẹ́nu dákẹ́. Odindi ọdún kan ni kò fi sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ọdún kan mìíì ni ẹ̀gbọ́n mi sì fi wá ohùn ẹ̀ jáde.

"Tí wọ́n bá gbé e lọ síbòmíì báyìí, ó tún máa dákẹ́ ni," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ohùn tiwọn gan-an ti ń dún bí ilẹ̀kùn tó ti ń wá epo.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀," mo ní. "Fídíò! Oníṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Ẹ kọ́ wọn níwájú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó lọ, èmi á máa lọ tàn án fún wọn ní kíláàsì. Bí mo bá fi ọwọ́ mi yìí gé e, àwọn ọmọ yẹn á gbọ́n débi pé dókítà yín á máa wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn."

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún," Màámi dáhùn. "Ṣebí ìwọ lo ya ọjọ́ ìbí àbúrò bàbá ẹ, tó jẹ́ pé bàtà ẹ̀ nìkan la rí?"

"Bàtà tuntun ni, Màámi. Mò ń bá wọn pọ́n ọn lé ni."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n tún yára di ọ̀fun mú. Ọjọ́ kejì ni wọ́n gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá lọ. Obìnrin tó máa ń rìn kíákíá, tó máa ń sọ̀rọ̀ kíákíá ni Ọ̀gá ilé-ìwé yẹn, tó jẹ́ pé tó bá kí yín káàárọ̀, kẹ́ ẹ tó dáhùn á ti dé ẹnu géètì. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní àwọn fúnra àwọn á máa wá bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè lọ́jọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ẹtì méjì péré. Bí èkejì ò bá dáa, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni wọ́n á pín kíláàsì.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún la fi yà á, lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti lọ sílé. Mo ta aṣọ ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀dì Màámi sójú fèrèsé kí oòrùn má bàa fọ́ mi lójú, mo to àga mẹ́ta léra, mo fi rọ́bà so fóònù mọ́ ẹ̀yìn èyí tó wà lókè. Fídíò ogún la yà. Nígbà tí mò ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀rẹ́ mi, ó di igba.

Ẹ̀gbọ́n mi á dúró níwájú pátákó, ẹfun ìkọ̀wé lọ́wọ́, wọ́n á kọjú sí bẹ́ǹṣì tó ṣófo bí ẹni pé gbogbo ọmọ jókòó síbẹ̀. "Aṣọ tá a fọ̀, tá a sá síta, tó gbẹ," wọ́n á ní, "omi tó wà lára ẹ̀, níbo ló lọ?" Lẹ́yìn náà, wọ́n á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á kàn máa wo bẹ́ǹṣì.

Ìgbà àkọ́kọ́, mo sáré gbé omi wá. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀fun ni?"

Wọ́n mi orí. "Máa yà á lọ jàre."

Ti ìṣirò náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gé ọsàn kan sí mẹ́ta, wọ́n gé èkejì sí mẹ́rin. "Ìdá kan nínú mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́rin. Èwo ló tóbi jù?" Ó tún di jẹ́ẹ́. Mo gbọ́ tí eṣinṣin kan ń rìn lórí ọsàn. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo ní sínú ara mi pé áà, ẹ̀gbọ́n mi mà ń jẹ̀rora o, ọ̀rọ̀ ti ń há wọn lọ́fun.

Wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ, èmi sì jókòó ti iṣẹ́. Fídíò kọ̀ọ̀kan ń lọ bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ mẹ́ta ni mo sì ti ṣèlérí fún gbogbo ayé. Kí ni kí n gé? Mo wò ó títí, mo rí i pé gbogbo ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti dákẹ́ ni fídíò ti ń ṣófo. Ni mo bá yọ ọ̀bẹ ti fídíò. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ pátá, gé, gé, gé! Wọ́n bá béèrè, ìdáhùn á já lu ìbéèrè lẹ́yìn bíi mọ́tò tí ò ní bíréèkì. Mo fi orin sí i. Mo fi ìràwọ̀ tó ń bú gbàù sí i. Mo wá nu gbogbo fídíò àtilẹ̀wá tí mi ò tíì gé kúrò lórí fóònù, torí mo nílò àyè fún fídíò tí mò ń ṣe nípa èmi fúnra mi, ìtàn ìgbésí ayé mi, apá kìn-ín-ní sí apá kẹtàlá.

Ọjọ́ Ajé, mo gbé e dé kíláàsì, mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n ilé-ìwé, mo tàn án. Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọn ọmọ yẹn pàtẹ́wọ́ débi pé àwọn ẹyẹ orí òrùlé kó ẹrù wọn lọ sí òpópónà kejì. "Ẹ tún un tàn, Bọ̀ọ̀dá!" Mo tún un tàn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, wọ́n ti mọ gbogbo ẹ̀ sórí, wọ́n tiẹ̀ ń fi ẹnu kọ orin tí mo fi sí i. Mo ní kò tán? Tíṣà wo ló tún kù láyé lẹ́yìn mi?

Ọjọ́ Ẹtì dé, Ọ̀gá wọlé bí ìjì.

"Ẹ káàárọ̀. Ìdá kan nínú méjì, ìdá kan nínú mẹ́wàá, èwo ló tóbi jù?"

Gbogbo kíláàsì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú ìdùnnú: "Ìdá kan nínú mẹ́ta!"

Ọ̀gá wo àwọn ọmọ. Wọ́n wo èmi. Mo wo òkè àjà, ó dùn mí pé kò sí ihò níbẹ̀ tí mo lè bá jáde.

"Omi tó wà nínú abọ́ tá a gbàgbé sórí fèrèsé, tá ò rí mọ́ lọ́jọ́ kẹta, níbo ló lọ?"

"Aṣọ ti gbẹ, mà!" ọmọ kan wí.

"Ìràwọ̀ ló bú gbàù, mà!" èkejì ní.

Ọ̀gá fi báírò gbá ìwé ọwọ́ wọn. "Ó ku ọjọ́ Ẹtì kan," wọ́n ní. Wọ́n ti lọ kí n tó rí ẹnu sọ pé ẹ̀bi tẹlifíṣọ̀n ni. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yíjú sí ẹ̀yìn kíláàsì, mo rí Jẹ́jẹ́. Láti ọjọ́ Ajé, mi ò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó sì ti kúrò ní bẹ́ǹṣì iwájú tí ẹ̀gbọ́n mi fi í sí, ó ti lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Ọjọ́ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti ilé ìwòsàn, ìborùn lọ́rùn, sílétì kékeré kan lọ́wọ́ láti fi máa bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n fi fídíò han àwọn. Inú mi dùn, mo jókòó tì wọ́n, mò ń retí ìyìn. Ti ọsàn la kọ́kọ́ wò. Ojú ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú wọn díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún un wò. Wọ́n mú ẹfun, wọ́n kọ ọ́ sórí sílétì:

*Níbo lo kó ìdákẹ́jẹ́ mi lọ?*

"Èwo nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi? Ibi tí ọ̀fun ti ń dùn yín yẹn ni? Mo ti bá yín yọ ọ́ kúrò."

Wọ́n nu sílétì, wọ́n tún kọ: *Mo máa ń ka ení dé èje. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń ronú. Ibẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ti ń dáhùn.*

Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ń fi ìka kà á fún mi, ìka kan lẹ́yìn òmíràn. Ìdí tí wọ́n fi máa ń kó ọwọ́ sẹ́yìn nìyẹn. Wọ́n ń kà á ni! Èmi tí mo wà nídìí kámẹ́rà tó lè rí kòkòrò tó ń yán nínú igbó, mi ò rí ìka ẹ̀gbọ́n mi.

*Gbé èyí tí o kò tíì gé wá,* wọ́n kọ.

Ẹnu mi, tí kì í kùnà, kùnà. "Ẹ̀gbọ́n mi... mo ti nù ún."

Wọn ò bínú. Ìbá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n rọra da ojú sílétì dé orí tábìlì, wọ́n wọ yàrá lọ.

Màámi dìde lórí àga wọn. "Ẹni tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi," wọ́n ní, "á máa rò pé àìsàn ló ń ṣe ẹni tó bá dákẹ́."

Lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan ṣoṣo yìí fún yín láì fi nǹkan kan kún un: mi ò jẹun.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo kan ilẹ̀kùn yàrá wọn. Mo ní a ò lè rí ìdákẹ́jẹ́ náà gbà padà mọ́, ṣùgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n mi bá lè fi ibi tó yẹ kó wà hàn mí, màá máa dá fídíò dúró níbẹ̀ fúnra mi, lójú àwọn ọmọ, màá ka ení dé èje. A jókòó ti ara wa. Fídíò á máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi á fi ìka kan tábìlì, kọ́, èmi á kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá sínú ìwé. Fídíò ogún, ibi àádọ́rin. Mo yọ orin kúrò. Ìràwọ̀ náà, mo fi ẹyọ kan péré sílẹ̀, torí ojú àánú.

Ọjọ́ Ajé, mo dé kíláàsì. Mo dá fídíò dúró: *Èwo ló tóbi jù?* Mo kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹ̀gbọ́n mi. Ení. Èjì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ mọ bí èje ṣe jìnnà tó? Láti ẹ̀ta sí ẹ̀rin nìkan, irùngbọ̀n hù sí mi lágbọ̀n. Ẹnu ń yún mi bíi kó já jáde lọ láìdúró dè mí. Nígbà tí mo kà dé àrún, ó bú jáde: "Ìdá kan nínú mẹ́ta ni!"

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Mo rí Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn. Ẹnu ẹ̀ ti là díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó tún pa á dé.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo délé, mo jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n bu omi sí ife, wọ́n gbé e fún mi. Mo fẹ́ gbé e mì, wọ́n mi orí. Wọ́n tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, wọ́n mú tiwọn wú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìka: ení, èjì...

"Kí n fi omi sẹ́nu?"

Wọ́n mi orí sókè sódò pé bẹ́ẹ̀ ni. Màámi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. "Áà, ọdún kọkànlélógún tí mo ti ń wá oògùn ẹ̀ nìyí!"

Láti ọjọ́ kejì, mo ń gbé jọ́ọ̀gì omi àti ife méjì lọ sí kíláàsì. Bí fídíò bá ti dúró, màá bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á wú bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rín ni. Lọ́jọ́ kejì, ó sú wọn láti máa fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú. Ibi tí èje bá ti pé, ọwọ́ á ti nà sókè bí igbó. Wọ́n ń jiyàn láàárín ara wọn. Ọmọ kan ní omi ara aṣọ wọ inú okùn tá a sá a sí lọ. Ẹnì kejì ní irọ́ ni, tó bá rí bẹ́ẹ̀ okùn ìbá ti wú. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wá ọ̀nà dé inú afẹ́fẹ́, kí fídíò tó dé ibẹ̀. Mo mu omi ọ̀sẹ̀ yẹn tó láti fi bomi rin oko mẹ́ta.

Ọjọ́bọ̀, a dé orí omi tó ń di yìnyín. *Kí ló dé tí ìgò omi fi fọ́ nínú fíríìjì?* Omi wà lẹ́nu mi. Àrún. Ẹ̀fà. Ohùn tín-ín-rín kan wá láti ẹ̀yìn:

"Ó... ó ti fẹ̀ sí i."

Mo yára gbé omi náà mì, díẹ̀ ló kù kó pa mí. Nígbà tí mo wúkọ́ tán, Jẹ́jẹ́ ti ń kó ìwé ẹ̀ bọ̀ wá sí bẹ́ǹṣì iwájú.

Ọjọ́ Ẹtì kejì, ẹ̀gbọ́n mi fi ìborùn di ọrùn, wọ́n bá mi lọ, wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀gá wọlé bí wọ́n ṣe máa ń wọlé. "Ẹ káàárọ̀, ẹ jókòó. Ìdá kan nínú márùn-ún, ìdá kan nínú mẹ́jọ, èwo ló tóbi jù, kí sì nìdí? Ìwọ, iwájú níbẹ̀."

Ẹ gbà mí o! Jẹ́jẹ́ ni wọ́n nawọ́ sí.

Ọmọ náà dìde. Ó la ẹnu. Kò sí nǹkan kan. Mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi dìde díẹ̀ lórí àga, ẹnu wọn là, wọ́n sì rántí dókítà, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá ti ń wo ẹ̀gbẹ́ kejì, mo mọ ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́nu wọn: "Ẹlò..."

Mo ti bu omi sẹ́nu látìgbà tí Ọ̀gá ti béèrè ìbéèrè, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ni mo bá gbé ife kejì. Mo bu omi sí i dé ẹnu, mo rìn lọ síwájú Ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì na ife náà sókè pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ọ̀gá wo mí nílẹ̀. Oòrùn mú, wọ́n sì ti rìn yí gbogbo ilé-ìwé ká láti àárọ̀. "Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o," wọ́n ní, wọ́n gba ife, wọ́n gbé e sẹ́nu.

Ení. Èjì. Mò ń kà á lórí ilẹ̀ tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹ̀ta. Mo rí ìka ẹ̀gbọ́n mi lórí ojú fèrèsé. Ẹ̀rin. Àrún.

"Ìdá kan nínú márùn-ún, mà," Jẹ́jẹ́ ní. "Torí... torí báwọn tó máa pín in bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ti oníkálukú ń kéré sí i. Àwa mẹ́jọ la wà nílé wa, mà. Búrẹ́dì kan ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa."

Ọ̀gá gbé ife kúrò lẹ́nu. Wọn ò sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ọdún tí ilé-ìwé yẹn ti wà, mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Wọ́n wo Jẹ́jẹ́, wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wo èmi tí mo ṣì nà sílẹ̀ bí ẹní. Wọ́n bi àwọn ọmọ yòókù ní ìbéèrè mẹ́jọ sí i, wọ́n sì ń mu omi díẹ̀díẹ̀ láàárín méjì. Mẹ́fà ni àwọn ọmọ gbà níbẹ̀, ọ̀kan ṣì dáhùn pé ìràwọ̀ ni.

"Kíláàsì yìí ò ní í lọ síbì kankan," Ọ̀gá wí fún ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ lọ tọ́jú ọ̀fun yín, Tíṣà. Ìwọ, dìde, o ti ń gbá ilẹ̀ fún wa."

Mo fẹ́ sọ pé èmi ni mo ṣe gbogbo ẹ̀. Omi ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹ̀gbọ́n mi rí i, wọ́n sì rẹ́rìn-ín láì fi ohùn sí i.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, dókítà ní wọ́n lè sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohùn náà padà, àmọ́ kì í ṣe bíi tàtijọ́. Ó rẹlẹ̀, ó sì há díẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn lọ sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, mo jókòó ti Jẹ́jẹ́, mi ò gbé omi dání. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú pátákó, wọ́n wo àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógójì lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ṣé ẹ ti mọ ìdí tí òjìji yín fi máa ń gùn láàárọ̀," wọ́n bi wọ́n, "tó sì máa ń kúrú lọ́sàn-án?"

Wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn.

Mo mọ ìdáhùn ẹ̀ o, mo mọ̀ ọ́n láti inú oyún. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́, mo kà á dé èje géérégé. Jẹ́jẹ́ ní àrún péré ni mo dé kí n tó sọ ọ́ jáde, pé òun fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi nígbà náà. Ẹ má dá a lóhùn. Ọmọ yẹn ti wá ń sọ̀rọ̀ jù.